Orúkọ Tí Ẹnu Mi Ò Gbọdọ̀ Pè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Èmi ni mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé oyún ọmọ yìí. Èmi ni ẹsẹ̀ mi wú bíi búrẹ́dì, èmi ni mo rọbí, èmi ni mo bí i. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìlú Ọ̀mù-Àrán, èmi ni mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ mi. Ẹ gbà mí o!

Orúkọ ìyá ọkọ mi ni wọ́n sọ ọ́. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Nígbà tí mo wọ ilé yẹn, kódà àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, mi ò pe orúkọ rẹ̀. Mo wá Adúmáradán fún un, ó sì ń jẹ́ mi bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé wa ní Òkè-Onígbìn nìyẹn. Nítorí náà, orúkọ ìyá ọkọ mi, ẹ má retí kí n pè é fún yín níbí.

Jannat lèmi àti ọkọ mi, Fáìsàlì, jọ fẹnu kò sí. Láti inú oyún ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ pé, àáfà ṣàdúà, ó wúkọ́, mo ti ń múra láti ṣe àmín sí Jannat mi. Orúkọ ìyá ọkọ mi ni mo gbọ́! Mo wo Fáìsàlì, ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí àlejò fọ́n ká, mo dojú kọ ọ́. “Ṣé ohun tí a jọ sọ nìyí?”

“Ìyá ló bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí,” ó ní. “Nabilah, kí ni kí n ti ṣe? Má jẹ̀ẹ́ ká jà sí i. A máa máa pè é ní Jannat nínú ilé.”

Mo gbà. Ọjọ́ kan péré ni mo gbádùn ẹ̀. Ìyá ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ tí mo ń fi Jannat ṣeré fọ́mọ. Ó dìde tọ̀bẹtọ̀bẹ.

“Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ yìí lórúkọ. Mi ò fẹ́ ìnagijẹ kankan nínú ilé yìí!”

Ó dáa. Ta ló wá fẹ́ pe orúkọ náà? Fáìsàlì ò lè pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, Ìyá Kékeré ló ń pe ọmọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ náà, Ìyá Kékeré. Tí wọ́n bá sì pè é bẹ́ẹ̀, Ìyá á pòṣé, á yíjú. Òun fúnra rẹ̀, “olórúkọ mi” ló ń pè é. Èmi ńkọ́? “Ìwọ.” “Ìwọ yìí, gba ọmú.” Bí ọmọ tí mo rí he lójú ọ̀nà. Ìyá Tani ni kí aládùúgbò máa pè mí? Inú bí mi débi pé tí mo bá ń fọ ìlédìí, ńṣe ni mò ń gún un mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wá pé, Ìyá ní òun máa bá wa lọ. Àwa mẹ́ta la jọ gun ọ̀kadà kan. Ilé ìwòsàn kún dẹ́nu, àwọn ìyá ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nọ́ọ̀sì Caroline, tí kì í ṣe ará ibí, mú káàdì tuntun.

“Orúkọ ọmọ?”

Mo wo Ìyá. Ṣebí ẹni tó bá wà nítòsí ló ń bá ìyàwó pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kọjú sí ògiri.

“Ìyá Kékeré la ń pè é, mà.”

“Orúkọ ni mo bi ọ́, ìnagijẹ lò ń sọ fún mi.”

“Ẹ yá mi ní báírò yín, mà, kí n kọ ọ́.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni? Ìyá tí ò mọ orúkọ ọmọ ẹ̀!”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan sọ lẹ́yìn mi pé, “Bóyá òun kọ́ ló tiẹ̀ bí i.”

Wọ́láhì, ojú mi ṣókùnkùn.

“Àsàmáù!” Igbe ni mo fi pè é. “Àsàmáù lọmọ mi ń jẹ́!”

“Òo,” ẹnì kan dáhùn.

Ìyá ni. Ohùn rẹ̀ rí bíi ti ọmọbìnrin tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀, ó fi etí híjáàbù bo ẹnu.

Mo kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú. Inú ló bí mi.”

“Dìde.” Ó ń nu ojú. “Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Fáìsàlì ni ọkọ mi ń pè mí títí tó fi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti fọ́n ká. Mo ní bí mo bá fún ọmọ yìí lórúkọ mi, màá máa gbọ́ ọ nínú ilé kí n tó kú. Ẹ wá sọ ọ́ di Ìyá Kékeré. Ìyá, Ìyá, Ìyá! Ṣé mi ò tíì gbọ́ ìyẹn tó ni?”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Ṣé kí n wá máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pe orúkọ mi?”

Mo dìde, mo gbé ọmọ sún mọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ọmọ fi igbe ta. Mo gbé e mọ́ àyà.

“Pè é,” Ìyá ní. “Pè é kó lè dákẹ́.”

Jannat wà lórí ahọ́n mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó máa gbà fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti dúró, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń retí. Inú ń bí mi, àní ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

“Àsàmáù,” mo ní.

Ọmọ ò tiẹ̀ gbọ́, igbe ló ń ké. Ìyá ló tún jẹ́ mi.