Apànìyàn Tó Ń Gbé Lódìkejì Ọgbà

Insa Behrends ti pa èèyàn mẹ́fà ní abúlé Neeriep, létí òkun ilẹ̀ Jámánì, kò sì sí ẹni tó bínú sí i rí. Ìwé ló fi ń pa wọ́n. Ní ọdún méjì-méjì ni ìwé ìtàn ọ̀daràn rẹ̀ kan máa ń jáde. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ará abúlé kan a kú ikú òjijì, ọlọ́pàá kan tó sanra a sì gun kẹ̀kẹ́ dé láti wá wádìí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà. Insa yí orúkọ abúlé padà sí Süderiep, ó yí orúkọ àwọn èèyàn padà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀? Afẹ́fẹ́ òkun kan náà ló ń fẹ́ nínú ìwé. Àgùntàn kan náà ló ń jẹko lórí òkè gbọọrọ tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ kí òkun má baà wọlé.

Àmọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, bó ṣe ń wọ bàtà òjò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ ń já. Ìwé keje ti parí. Orí tó gbẹ̀yìn wà lábẹ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má baà kàn án. Nínú orí yìí ni a ti máa mọ ẹni tó pa ọkùnrin Hannover, ìyẹn ọkùnrin tó wá láti ìlú Hannover, tó fẹ́ ra gbogbo ilẹ̀ etí òkun kó lè kọ́ ilé ìgbafẹ́ síbẹ̀. Almuth ló pa á, ìyá arúgbó kan báyìí. Almuth sì rèé, Àǹtí Talea ni, ìyá tó ń gbé lódìkejì ọgbà Insa.

Insa kò pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Almuth kò jọ ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n òjò oṣù Kọkànlá ń rọ̀, Insa sì fẹ́ràn láti máa wo ọgbà Àǹtí Talea láti ojú fèrèsé bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè wá. Lọ́jọ́ kan Almuth wé ìborí búlúù. Lọ́jọ́ kejì ó gun kẹ̀kẹ́ dúdú gíga kan kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ ṣánṣán bí ọ̀pá. Kí Insa tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Almuth ti ń rẹ́rìn-ín bí Àǹtí Talea, ó ń bú àwọn adìyẹ bí Àǹtí Talea, kò sì ṣeé yà kúrò lára rẹ̀ mọ́. Olóòtú tó wà ní Hamburg ní kò sí apànìyàn tó dára tó báyìí nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni òun fẹ́ gba gbogbo rẹ̀, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Àǹtí Talea kan náà ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí Insa bá kọ. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, Insa á ka orí tuntun fún un nídìí tíì. Ohun tí ìyá yìí bá ní kò dára, Insa a yọ ọ́. Àǹtí Talea ló wé orúnkún Insa nígbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ní ọmọ ọdún márùn-ún, òun náà ló jókòó tì í nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Insa ti pinnu: bí Àǹtí Talea bá ní òun kò gbà, ìwé náà kò ní jáde. Ó ti pinnu, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún, nítorí ó mọ̀ pé òun kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kọ́kọ́ yà ní ilé búrẹ́dì, kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

“Apànìyàn wa ti dé!” Eilert oníbúrẹ́dì ké láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀. Nínú ìwé kẹta ni Insa ti tẹ̀ ẹ́ rì sínú agbada ìyẹ̀fun pípò. Láti ìgbà náà ni Eilert ti gbé ìwé ọ̀hún sójú fèrèsé pẹ̀lú àgbélébùú kékeré kan, tí àwọn àlejò ìgbà ooru sì ń wá bá a ya fọ́tò.

Habbo, ọ̀gá àwọn panápaná abúlé, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mu kọfí. Bó ṣe rí Insa báyìí, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ìwé mẹ́fà, Insa. Mẹ́fà! O pa Eilert. O pa olùkọ́. O pa ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìgékoríko ṣe, ẹni tí kò tiẹ̀ kí èèyàn dáadáa. Èmi ńkọ́? Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́ tí o ò fi lè pa mí?”

“Fara balẹ̀, Habbo. Tìẹ ń bọ̀.”

“Ikú gidi ni mo fẹ́ o! Iná ni kó jó mi. Ọ̀gá panápaná tó jóná mọ́lé, ìwé yẹn á tà wàràwàrà.”

“Ta ló máa wá pa iná ọ̀hún?” Eilert bèèrè. “Ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ tí wọn kì í dé àfi tó bá ti kú fúnra rẹ̀?”

“Ìwọ dákẹ́, òkú inú ìyẹ̀fun.”

Insa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá bèèrè bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí: “Eilert, ká ní mo fi ẹ́ ṣe ẹni tó pààyàn ńkọ́?”

Ọwọ́ Eilert dúró lórí bébà tó fẹ́ fi wé búrẹ́dì. “Há, ìyẹn yàtọ̀. Ẹni tó bá kú, gbogbo ayé ló ń ṣàánú rẹ̀. Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ apànìyàn? N kò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.” Ó rẹ́rìn-ín kèékèé, ó sì na búrẹ́dì sí i. Ìwọ̀nba ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Insa ti tán.

Nígbà tó dé ilé ìdáná Àǹtí Talea, ìkòkò tíì ti wà lórí iná àbẹ́là kékeré, ife méjì sì ti wà nílẹ̀.

“Ẹ káàsán, Àǹtí.”

“O fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́. Tíì ò mọ̀ pé oǹkọ̀wé ni ẹ́. Bọ́ bàtà, kí o jókòó.”

Insa jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àǹtí Talea di ojú bó ti máa ń ṣe. Nínú orí náà, Almuth pe ọkùnrin Hannover àti àwọn aládùúgbò wá mu tíì. Ìkòkò méjì ló sè: ọ̀kan fún àwọn aládùúgbò, èkejì tó ní májèlé nínú fún ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà kú. Ọlọ́pàá rí ìkòkò kejì nínú ilé adìyẹ. Almuth kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣàánú òun. Ohùn Insa ń lọ sílẹ̀ ṣáá bó ṣe ń súnmọ́ ìparí, débi pé ìró òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ó kà á tán. Àǹtí Talea la ojú.

“Almuth ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Almuth tó ń wé ìborí búlúù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Fi ìwé yẹn sílẹ̀ níbí.”

Àǹtí Talea kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Insa ní: “Àǹtí, tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́…”

“Mo ní kí o fi í sílẹ̀, Insa. Máa lọ sílé.”

Ife kan ṣoṣo ni Insa tíì mu. Nígbà ayé rẹ̀ gbogbo, kò tíì jáde nínú ilé yẹn láìmu ife mẹ́ta tí àṣà abúlé ní kí àlejò mu.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Talea gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú pópó. Insa juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kò wo apá ibẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀: Eilert àti Habbo jọ rìn gba ẹnu ọ̀nà Àǹtí Talea wọlé, àwọn méjèèjì wọ aṣọ tó mọ́. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó jáde. Habbo di ikùn mú, ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn burúkú fún. Insa fà sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí òun nìyẹn. Ó rí ara rẹ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí ìlú ńlá kan tí ẹnì kankan kò mọ̀ ọ́n, tó ń kọ ìwé nípa àwọn òpópónà tí kò ní àgùntàn.

Ó gbìyànjú láti fi pásítọ̀ ṣe apànìyàn dípò Almuth. Kò ṣeé ṣe. Gbogbo ìgbà tí pásítọ̀ inú ìwé bá gbé májèlé dání, ńṣe ló ń tọrọ àforíjì.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí olóòtú pé ìwé kò ní jáde. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, kò tíì fi í ránṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbà. Àǹtí Talea wọlé láìkanlẹ̀kùn, omi ń kán lára rẹ̀, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù pupa kọ nǹkan sí i láti òkè dé ilẹ̀.

“Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.”

“Má bínú kẹ̀? Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni inú ti ń bí mi!” Ó ju ìwé sórí tábìlì. “Ìkòkò tíì méjì, Insa? Méjì! Lórí tábìlì kan! Ní abúlé yìí!”

Insa fa ìwé náà súnmọ́ra.

“Ìwọ tí wọ́n bí sáàárín wa. Bí mo bá gbé ìkòkò kejì jáde níwájú àlejò, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Gbogbo ojú á lọ síbẹ̀! Wọ́n á bi mí bóyá ara mi ò yá. Kí ọkùnrin yẹn tó gbé ife sẹ́nu, ìròyìn á ti dé ilé ìjọsìn. O sọ mí di òmùgọ̀!”

“Ṣé kì í ṣe pé mo fi yín ṣe apànìyàn ló ń bí yín nínú?”

“Láti orí kẹrin ni mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ta ló tún ń wé ìborí búlúù lábúlé yìí? Mo ti ń retí láti gbọ́ bí mo ṣe pa á. Ọkùnrin burúkú! Ilé ìgbafẹ́, sójú ibi tí àgùntàn mi ti ń jẹko! Àmọ́ kí n wá pa á bí ẹni tí ò kọ́ṣẹ́, ìyẹn ni mi ò gbà.” Ó fa àga, ó jókòó. “Gbọ́ mi. Ìkòkò kan. Gbogbo èèyàn mu nínú rẹ̀. Ibo ni májèlé wà?”

“Nínú ọ̀rá wàrà?”

“Nínú ṣúgà!” Ó yọ ẹyọ ṣúgà kan tó tóbi bí òkúta wẹ́wẹ́ láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ kọ̀ọ́. “Ta ló ń ro tíì níbí?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

“Kò sẹ́nì kankan. Ṣúgà á jókòó sísàlẹ̀ ife, ọ̀rá wàrà á wà lókè, àwa á rọra máa mu èyí tó korò ná. Ìgbà wo ni adùn tó dé ẹnu? Ó di ìsàlẹ̀. Ará Hannover ńkọ́?”

Insa fi ọwọ́ bo ẹnu. “Wọ́n ń rò ó.”

“Wọ́n ń rò ó bí ẹni ń po sìmẹ́ńtì! Ṣúgà kan náà ni mo fún gbogbo wa. Kí àwa tó fa ẹ̀ẹ̀mejì, òun ti ro tiẹ̀, ó ti gbé e mì, ó ti ṣubú. Gbogbo èèyàn fò dìde, ta ló máa rántí ife? Èmi ni mo kó wọn, mo sì fọ̀ wọ́n. Àlejò ni wọ́n, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fọ abọ́.”

“Àǹtí Talea,” Insa wí jẹ́ẹ́, “ẹ̀rù yín ń bà mí.”

“Mo ti dán an wò lánàá.”

“Àǹtí!”

“Má pariwo. Oògùn ikọ́ dúdú ni mo rẹ ṣúgà sí. Eilert mu tiẹ̀, kò mọ nǹkan kan títí ife fi lọ sí ìdajì. Mo wá ní kí Habbo ro tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́! Ó kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn kí aládùúgbò má baà rí i. Ó gbé e mu, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí ni mo fi òun ṣe? Mo ní òun ló kú yẹn. Àṣé inú ẹ̀ á dùn tó bẹ́ẹ̀! Ó bẹ̀ mí pé kí n sọ fún ẹ pé kí ọkùnrin Hannover nírùngbọ̀n bíi tòun.”

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Insa. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Àǹtí Talea fi sùúrù dúró dè é, bí èèyàn ṣe ń dúró de ọmọdé tí òsúkè ń ṣe.

“Ó ku ọ̀kan,” ó wí. “Ẹkún yẹn. Èmi kúnlẹ̀ fún ọlọ́pàá? Èmi?”

“Kí ni kí Almuth ṣe nígbà tí ọlọ́pàá bá dé?”

“Kó bi í bóyá ó ti jẹun.”

Insa nu lẹ́tà olóòtú rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àǹtí Talea ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá, ó ń bá àwọn aládùúgbò inú ìwé jà bí ẹni tó ń rí wọn níwájú. Ọ̀rọ̀ ń wá lọ́nà tí kò gbà wá rí láti ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n dé ibi ilé ẹjọ́.

“Ọdún mélòó ni wọ́n máa dá fún mi?”

“Fún ẹni tó pààyàn? Ẹ̀wọ̀n gbére ni, Àǹtí.”

“Gbére! Ta ló máa tọ́jú àgùntàn?”

“Mo lè dín in kù nítorí ọjọ́ orí. Ọdún márùn-ún?”

“Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí. Kábéèjì mi sì wà nílẹ̀.”

“Ẹ ti pààyàn ná, Àǹtí.”

“Ará Hannover ni.”

Insa wò ó, ó wo ojú ìwé, ó sì pa ilé ẹjọ́ rẹ́ pátápátá. Ó kọ ọ́ báyìí pé ọlọ́pàá tó sanra jókòó nínú ilé ìdáná Almuth. Ó wo àwọn ife tó mọ́ tónítóní lórí pẹpẹ, ó wo òjò tó ń rọ̀ lóde, ó wo ọwọ́ ìyá náà tí kò gbọ̀n rárá. Ohun gbogbo ti yé e, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Nígbẹ̀yìn, ó pa ìwé kékeré rẹ̀ dé, ó ní ebi ń pa òun.

“Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i,” Àǹtí Talea wí.

Insa kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá náà tún ìborí rẹ̀ wé, ó sì fi ọwọ́ tó tutù fún òjò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Insa.

“Fi ránṣẹ́ báyìí,” ó ní, “kí o tó tún bà á jẹ́.”

Insa sì fi í ránṣẹ́.