Iwájú Ni Mọ́tò Bàbá Mi Fi Ń Fà

Ẹ̀gbọ́n mi ni Salman. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ó sì ti lọ Mẹ́kà, torí náà ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Tí mo bá débi tó ti dúró ti mọ́tò bàbá wa pẹ̀lú àwọn tó ń ra pàǹtí irin, ẹ̀yin náà á mọ ìdí ẹ̀.

Kúbúrátù lorúkọ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, àmọ́ Ìkòròdú ni mò ń gbé, lẹ́bàá Industrial Estate, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ yí irin fún àwọn iléeṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Tí irin kan bá jẹ lára ẹ̀rọ wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, màá sì ṣe irú ẹ̀ tuntun. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ mí á kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀gá dà. Màá ní, "Ọ̀gá lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn." Ojú wọn á wálẹ̀, wọ́n á gbé irin kalẹ̀.

Ẹja ni bàbá wa ń tà ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1958 ni wọ́n ra mọ́tò náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀, tó fẹ́ padà sílùú ẹ̀. Mọ́tò kékeré ni, ó rẹlẹ̀, kò ní òrùlé gidi, àwòrán ìbọn mẹ́ta tó fara ti ara wọn sì wà ní imú ẹ̀. Bàbá ní BSA lorúkọ ẹ̀. Gbogbo àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí alùpùpù ni àwọn èèyàn mọ BSA sí nígbà yẹn. Wọ́n ní òyìnbó ti lu ọkùnrin yìí ní jìbìtì, ó lẹ àmì alùpùpù mọ́ àgékù mọ́tò fún un. Bàbá ò kà wọ́n sí. Wọ́n kàn ń wa mọ́tò wọn kiri ni.

Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá wọ abẹ́ ẹ̀. Mo lè má ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí wọ abẹ́ ọ̀hún pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní, "Kúbúrá, gbogbo mọ́tò tó ò ń rí nígboro, ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n. Tiwa yìí, iwájú ló fi ń fà. Wò ó dáadáa." Mo wò ó. Láti ẹ́ńjìnnì títí dé ẹ̀yìn, òfìfo ni, kò sí irin kankan tó lọ síbẹ̀. Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń yí irin nìyẹn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀. Nígbà tí ara wọn ò le mọ́, wọ́n sọ fún mi pé, "Ìwọ lo ni ín." Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

Ọdún méjìlá rèé tí wọ́n ti lọ. A pín ilé: Salman mú èyí tó pọ̀, wọ́n fún mi ní yàrá kan tó kọjú sí títì. Mọ́tò wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fẹ́ràn BSA àtijọ́. Wọ́n ní kí n wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀. Mo fi kẹrosíìnì nù ún títí tó fi hàn. Lọ́jọ́ kejì, èsì dé: BSA Scout ni, mọ́tò eré ìdárayá, ọdún 1937 ni wọ́n ṣe é ní ìlú ọba, táyà iwájú ló sì ń fà á. Mo sunkún. Bàbá mi ò purọ́, wọn ò sì lù wọ́n ní jìbìtì.

Láti ìgbà yẹn, mò ń tú u díẹ̀díẹ̀, mò ń kó irin ẹ̀ sínú báàgì gba Ìtòkín lọ sí Ìkòròdú. Èyí tó bá ṣeé dán, mo dán an. Èyí tó ti jẹ, mo yí òmíràn. Nígbà tí Salman lọ Mẹ́kà, mo ti tò ó padà, mo bu epo sí i, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì dáhùn. Àwọn ayálégbé pàtẹ́wọ́, àmọ́ wọn ò sọ fún Salman nígbà tó dé, torí owó ilé tó ń fi kún fún wọn ti sú wọn.

Ìkan nínú wọn, Hasanat tó ń yan ẹja, ló pè mí láàárọ̀ Sátidé kan. "Ìyá Toyyibah, ẹ tètè máa bọ̀ o! Wọ́n ti gbé gáàsì dé, wọ́n fẹ́ gé mọ́tò Bàbá!"

Aṣọ iṣẹ́ ni mo fi wọ ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, mo pe Ààfáà Zikrullah tó pín ogún ilé fún wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá àwọn tó fẹ́ gé e dúró.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ká tapólì kúrò. Àwọn tó ń ra irin jókòó lé gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin. Ààfáà dúró síwájú mọ́tò. Salman mú Kabir wá, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò ẹ̀ ṣe.

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kọ́ síbí," Salman ní. "Pàǹtí yìí gbọ́dọ̀ kúrò lónìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, bùọ̀dá, Bàbá fún mi ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

"Gbé e lọ báwo? Kabir, sọ fún un."

Kabir fi ẹsẹ̀ ta táyà. "Mama, mọ́tò yìí ti kú. Wọ́n ti jí ṣáàfù abẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì ò lè rán agbára sí ẹ̀yìn. Àmì ọ̀kadà ni wọ́n tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn."

"Kò ní ṣáàfù rí," mo ní. "Iwájú ló fi ń fà."

Háà! Ẹ bá wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ rí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín. Kabir di ikùn mú. "Mọ́tò ayé òyìnbó? Iwájú?" Salman ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ mi, pé ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin.

Ààfáà ní ká dákẹ́. Wọ́n kéré sí mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ mo bọ̀wọ̀ fún wọn. "Ìyá Toyyibah, ta ló gbọ́ nígbà tí Bàbá fún yín?"

"Ọlọ́run nìkan."

"Tí kò bá sẹ́lẹ́rìí, ogún ni. Ẹ̀yin méjì lẹ kù. Ọkùnrin á mú ìdá méjì, obìnrin á mú ìdá kan."

Mi ò bá wọn jiyàn. Bó ṣe wà nìyẹn.

"Ó parí," Salman ní. "Ká tà á, màá fún ẹ ní owó tìẹ."

"Mi ò gbowó. Irin ni Bàbá fi sílẹ̀, irin ni kẹ́ ẹ fún mi."

Nílé wa, àbúrò ló máa ń pín nǹkan, ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí irin lápò, mo fa ìlà méjì sára mọ́tò náà. Ìdá kan ni bọ́nẹ́ẹ̀tì àti táyà iwájú. Ìdá kejì ni ibi ìjókòó. Ìdá kẹta ni ẹ̀yìn pátá. "Ẹ mú méjì tó bá wù yín, bùọ̀dá. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ni tèmi. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn?"

"Mo fara mọ́ ọn," Salman ní. Ààfáà ní àwọn ti gbọ́.

Ó rìn yí i ká. Ó dúró níwájú. "Ẹ́ńjìnnì máa ń wúwo," ó ní, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá mú iwájú pẹ́nrẹ́n, ó tán fún mi nìyẹn, wọ́n á gé e síwájú mi. Mo wo ilẹ̀ kó má baà rí ojú mi.

"Alhaji, kí lẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tó ti kú ṣe?" Kabir ní. "Ẹ mú ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni agbára mọ́tò wà."

Salman gbọ́wọ́ kúrò. "Àárín àti ẹ̀yìn ni mo mú. Máa gbé imú ẹ lọ sí Ìkòròdú."

"Ẹ ṣeun, bùọ̀dá."

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo tí mo fi pa mọ́ sí yàrá mi jáde, mo bu epo sí i. Àwọn elérin ń wò mí bíi wèrè. Mo ki irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì bọ ihò abẹ́ imú ẹ̀. Mo yí i. Kò dáhùn. Mo tún un yí. Ó wúkọ́. "Bismillah," mo ní, mo fi gbogbo agbára mi yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì han gooro! Èéfín bo gbogbo ọgbà. Hasanat pariwo, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Toyyibah!"

Mo bọ́ sídìí ọwọ́ ọkọ̀, mo fi í sí jíà, mo lọ.

"Ìpín mi! Ó ń gbé ìpín mi lọ!" Salman sáré, ó di ẹ̀yìn mọ́tò mú. Alhaji ki ẹsẹ̀ bọ yanrìn, ó ń fà á, mọ́tò ń wọ́ ọ lọ, bàtà ẹ̀ kan ti yọ. Kabir ti dọ̀bálẹ̀, ó ń wo abẹ́ ẹ̀. "Iwájú!" ló ń pariwo. "Yéè! Iwájú ló fi ń fà lóòótọ́!"

Mo dúró lẹ́nu géètì. Mi ò kí ń ṣolè. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì, àmọ́ mo bọ́ sílẹ̀.

"Bùọ̀dá, ìpín tiyín rèé, mi ò mú un. Tèmi ni mò ń wà lọ, tiyín ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ dá a dúró tẹ́ ẹ bá lè dá a dúró. Àmọ́ ẹni tó bá fi iná kan ìlà tèmi, a jọ máa kú síbí ni."

Àwọn elérin wo Ààfáà, wọ́n wo Salman, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn. Ààfáà ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Salman nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń mí gùlegùle, ó wo mọ́tò, ó wo yàrá mi tó kọjú sí títì, mo sì rí èrò ṣọ́ọ̀bù tó wá sí i lọ́kàn kó tó la ẹnu.

"Fún mi ní yàrá ẹ," ó ní, "kí n fi ìyókù mọ́tò sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹnu ya Ààfáà. "Alhaji, ilé bàbá ẹ̀ nìyẹn o."

"Mo gbọ́ yín, Ààfáà," mo ní. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí mi sí. Àmọ́ ẹni tó gbé mọ́tò bàbá ẹ̀ fún àwọn tó ń ra pàǹtí ló ń béèrè, mi ò sì ní í jẹ́ kó rí omi lójú mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá lára ìdì kọ́kọ́rọ́ mi, mo fi lé e lọ́wọ́ níṣojú Ààfáà. Mo ní kí Ààfáà kọ ọ́ sínú ìwé, a sì fọwọ́ sí i.

Mo wa mọ́tò mi gba Ìtòkín. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè lẹ́yìn mi, mi ò yà fún wọn. Ó gbóná lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró, mo bu omi sí i, mo tún lọ. Wọ́n ti pè mí ní wèrè ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, pé obìnrin kan gba irin, ó fi ilé sílẹ̀. Kí wọ́n máa pè é lọ.

Ọ̀rọ̀ Toyyibah, ọmọ mi, ló fẹ́ kan mí lára jù. Ó ti gbọ́ lórí fóònù kí n tó dé. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti pàdé mi, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Màámi, ibo la máa sọ̀ sí tá a bá lọ Ẹ̀pẹ́? A ò nílé bàbá mọ́ níbẹ̀ nìyẹn."

Mo na ọwọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un.

"Wọlé," mo ní. "Ilé bàbá mi rèé."