Èkúté Mẹ́ta Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwo Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ mi: mi ò fẹ́ràn ológbò. Ìyá mi ló ni Máníjà. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí bí búrẹ́dì bá ti ń jáde nínú ààrò, ológbò náà á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni pé òun ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ogójì ọdún ni àwọn àti bàbá mi fi ṣe búrẹ́dì. Nígbà tí ìyá mi kú, mo kó bàbá mi àti Máníjà wá sínú yàrá méjì tí mo ti ń ránṣọ.

Bàbá mi bá kọ oúnjẹ. Mo se èyí, wọ́n ní àwọn ti yó. Mo se tọ̀hún, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ ná, tó bá yá àwọn á jẹ ẹ́. Kò yá o. Ṣòkòtò tí mo rán fún wọn lọ́dún tó kọjá ń bọ́ nídìí wọn. Ní ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nísàlẹ̀ wá wò wọ́n, ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Àǹtí, tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí Bàbá ò tíì jẹun, ọsibítù ló kù. Mi ò ní tàn yín, ara wọn ò gba ìyà mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé tíì wọlé, mo rí òkú èkúté lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo alẹ́ àná tí wọn ò fọwọ́ kàn. Máníjà jókòó tì í, ó ń wojú bàbá mi.

"Ìwọ ẹranko burúkú yìí! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n bì ni?"

Mo gbá èkúté náà dànù. Ní Ọjọ́rú, òmíràn tún ti dé, èyí kéré sí ti àkọ́kọ́. Inú mi ru. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kó gbé ológbò náà lọ, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Lálẹ́, mo gé ẹran bàbá mi wẹ́wẹ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Ní Ọjọ́bọ, nọ́ọ̀sì gbé apẹ̀rẹ̀ wá láàárọ̀. A jọ wọ yàrá. Èkúté tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lórí mọ́, ikùn rẹ̀ sì ti ya. Mo fi igbe ta.

Bàbá mi yíjú padà. Wọ́n wo ẹran tí mo gé, wọ́n wo èkúté, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni!

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí! Ìwọ ń gé ẹran, òun ń bẹ́ orí èkúté. Ẹ rò pé eyín mi ni ò ká a."

"Bàbá, kí lẹ ń wí?" Nọ́ọ̀sì gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí ìyá ológbò ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo rí i lẹ́yìn ààrò láìmọye ìgbà. Ọmọ tí ò bá lè ṣọdẹ, á pa á wá fún un. Tí kò bá jẹ ẹ́, á wá èyí tó kéré. Tí kò bá tún jẹ, á bá a fi eyín ya á." Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Ẹranko yìí mọ̀ pé mi ò jẹun."

Orí mi wú. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé ilé yìí, mi ò rí èkúté kan rí. Níbo ló ti ń rí wọn? Ojú fèrèsé ló ń gbà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì sókè, lójoojúmọ́! Mo wá wò ó dáadáa, mo rí egungun ìhà rẹ̀. Ebi ń pa òun náà, kò sì jẹ ọ̀kankan nínú ohun tó pa. Háà! Èmi tí mò ń pè é ní ẹranko burúkú, ojú tì mí, mi ò lè wò ó lójú.

"Gbé àwo yẹn wá," bàbá mi ní. "Mi ò ní jẹ́ kó tún jáde torí mi."

Wọ́n mú ẹran kan. Ojú Máníjà tẹ̀ lé e láti àwo dé ẹnu wọn. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì. Ológbò náà di ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó là á, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fi orí gbá wọn lágbọ̀n. Bàbá mi mú òmíràn, wọ́n tún mú òmíràn, títí àwo fi mọ́.

"Ṣé ó kù nínú ìkòkò?"

Mo ti ń sáré lọ sídìí ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ló bá mi dáhùn.

"Ó kù, Bàbá. Ó kù dáadáa."