Ta ló ń dá omi dúró lórí Favour?

Favour, ìyàwó àbúrò mi, kò pè mí ní àjẹ́ o. Ó kàn ní bí òun bá ti kun ọṣẹ dé ojú tán ni ẹ̀mí kan máa ń sọ fún mi pé kí n lọ fọ abọ́. Bí mo bá ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná nísàlẹ̀, omi ṣáwà tirẹ̀ lókè á dá lójijì. Á wá máa lọgun, ojú á máa ta á, èmi náà á sì máa dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ pé kí ló kàn mí, ṣé èmi ni mo dá omi ni?

Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì bàbá wa ní Òsí la jọ ń gbé. Èmi Keziah ni àkọ́bí, akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì káńsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Mo ti lọ́kọ rí. Nígbà tí ọkọ náà rí ẹlòmíràn tó wù ú, mo kó ẹrù mi padà sílé, àwọn aráàlú sì fún mi ní orúkọ tí wọ́n máa ń fún irú wa: dálémosú. Orúkọ náà kò pa mí. Yàrá kan nísàlẹ̀, fèrèsé méjì, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, ohun tó kù mí kù láyé nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọkọ lọ.

Ebenezer àbúrò mi ló ń gbé òkè pẹ̀lú Favour. Tíṣà ni, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ebenezer kì í jà. Àdúrà ló máa ń gbà lé èèyàn lórí. Nígbà tí ọṣẹ tún wọ ìyàwó rẹ̀ lójú, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí mi, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yín. Ṣé kò ní dáa kí ẹ gba yàrá kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, kí ẹ lè súnmọ́ ibi iṣẹ́ yín?"

Ó ti ránṣẹ́ sí Bàbá Koro, àbúrò bàbá wa, pé kí wọ́n wá bá wa dá sí i lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó bá gbọ́ èdè ìdílé wa mọ̀ pé wọ́n ti ń lé mi lọ nìyẹn.

Ohun tó tún dùn mí ni orúkọ. Ìyàwó ilé wa kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Eyínfúnjowó ni Favour ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọṣẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin" lásán ni mo dà. Bí ó bá fẹ́ fún mi lọ́bẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin, ọbẹ̀ rèé." Ọbẹ̀ náà kì í dùn lẹ́nu mi mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé mo pe Fẹ́mi plọ́ńbà. Orí àpáta lẹ́yìn ilé ni táńkì wa wà, omi sì ń já bọ̀ láti ibẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi de irin kan mọ́ páìpù lẹ́bàá ògiri, òun ló ń dín agbára omi kù kó tó wọlé. Fẹ́mi ń pè é ní rẹ́gúlétọ̀. Àwa ń pè é ní ìjánu.

Fẹ́mi wòkè, ó ní atẹ́gùn ló há sínú páìpù. Ó wolẹ̀, ó ní páìpù ni kò tóbi tó, ká hú gbogbo rẹ̀. Mo ní bí kò bá fara balẹ̀, eyín rẹ̀ la máa kọ́kọ́ hú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú géèjì jáde nínú àpò rẹ̀, nǹkan róbótó kan tó jọ aago, tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo, tó ń wọn agbára omi. Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ ìta. Ó ní kí gbogbo ilé pa ẹ̀rọ. Bí ìjánu bá gbádùn, ọwọ́ géèjì á dúró sójú kan. Ìgbà yẹn ni Ebenezer rántí pé àwọn díákónì ní ìpàdé.

Ọwọ́ géèjì kò dúró o. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nílé ọkọ.

"Ẹ wò ó, àǹtí," Fẹ́mi ní, "ìjánu yín kò dé mọ́. Omi ń yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣé omi kì í fò mọ́ yín láàárọ̀?"

Ó ń fò. Ó ti gba ife kan lọ́wọ́ mi, ó sì fọ́ ọ yángá. Bí mo ti ń ro ìyẹn ni ọwọ́ géèjì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló fọwọ́ kan omi?" mo pariwo.

"Ilé ìyàgbẹ́ ni mo fi omi ṣàn!" Favour dáhùn láti òkè. "Ṣé kí n gbé e pamọ́ dè yín ni?"

Fẹ́mi ní àyẹ̀wò kejì ló kù: kí ẹnì kan ṣí ṣáwà lókè, kí ẹlòmíràn máa ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, kó sì máa pa á, kí òun máa wo géèjì. Favour sọ̀kalẹ̀ wá, ó so ìró rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní èmi àti Fẹ́mi ti jọ dìmọ̀. Òun ni yóò dúró nídìí ẹ̀rọ ilé ìdáná, kí ẹ̀yin lọ sókè.

Ẹ̀yin lọ sókè. Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ há débi pé abẹ́ omi lèèyàn gbọdọ̀ dúró kó tó lè ṣí i. Mo fi ọ̀rá bo irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì sílẹ̀ de ọjọ́ Àìkú, mo ṣí ṣáwà. Omi dà. Favour ṣí ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tèmi dá, ó wá ń kán tó, tó.

"Ó ti dá!" mo ké.

"Ẹ má parọ́!"

Ó pa tirẹ̀, omi sì ya lù mí. Ó tún ṣí i, ó dá. Ó tún pa á, ó ya lù mí. Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àyẹ̀wò. Ọ̀rá ti já, irun ti bàjẹ́, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín láti ilé ìdáná.

"Favour, Ọlọ́run á bá ọ wí! O fẹ́ pa mí sókè níbí!"

Mo sọ̀kalẹ̀, mo rin gbìndìn, mo ti to èébú mi jọ. Ṣùgbọ́n Favour kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni mo ń ṣí i," ó ní. "Èmi ni mo ń dá omi dúró lórí yín, n kò sì ṣe ju kí n ṣí ẹ̀rọ lọ." Ó kúnlẹ̀ sínú omi tó ń kán lára mi. "Eyínfúnjowó, ẹ má bínú."

Èébú mi tú ká. Mo fà á dìde, mo sì sọ fún un pé òpònú ni, nítorí bí n kò bá sọ nǹkan, ẹkún ni mo máa sun.

Fẹ́mi tú ìjánu náà. Iyanrìn orí àpáta ti dí asẹ́ inú rẹ̀ pa, rọ́bà rẹ̀ sì ti ya. Bí ẹ̀rọ kan bá ń mu, kò ní sí èyí tí èkejì máa mu.

Lọ́jọ́ Àìkú mo gbé irin náà ka iwájú Bàbá Koro, tòun ti iyanrìn rẹ̀. Favour ló ṣàlàyé, èmi ń mi orí. Bàbá fi ọmọ ìka tọ́ rọ́bà náà wò.

"Ọ̀rọ̀ bùṣe," wọ́n ní, ní ohùn Koro wọn. "Uyanrìn la á lé lọ, kì í ṣe ọmọ ulé."

Ebenezer wúkọ́. Ó ní ògo ni fún Ọlọ́run tó tú àṣírí irin yìí. Ṣùgbọ́n síbẹ̀síbẹ̀, bí a bá rò ó dáadáa, kí àǹtí súnmọ́ ibi iṣẹ́ wọn.

Ìjà omi ni mo múra sílẹ̀ fún, gbogbo ẹ̀rí mi ló sì wà lórí tábìlì yẹn.

"Bàbá," Favour ní, "ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ fi yàrá wọn ṣe."

"Favour," ni Ebenezer wí.

"Adìyẹ ni. Ó ti ní kí wọ́n kó ọmọ adìyẹ wá lọ́la. Ó ní yàrá Àǹtí ló móoru jù, òtútù kò ní pa wọ́n níbẹ̀."

Mo sunkún nígbà náà, n kò bò ó. Wọ́n ti torí obìnrin lé mi rí, mo sì gbà pé wọ́n lè torí omi lé mi. N kò rò ó rí pé wọ́n máa torí adìyẹ tí kò tíì hùyẹ́ lé mi nílé bàbá mi.

"Ebenezer," Bàbá Koro ní, "ùyàwó rẹ ti sọ ti rẹ̀. Ṣé urọ́ ni?"

Ọjọ́ ìsinmi ni, díákónì sì ni. Ó ní kì í ṣe irọ́.

"Adìyẹ dáa," Bàbá ní. "Jẹ́ kí wọ́n kó wọn wá. Òkè lọ́dọ̀ rẹ náà móoru."

"Pálọ̀ rẹ̀ ni o, Bàbá," Favour sọ kíá, "kì í ṣe yàrá mi."

Nígbà tí Fẹ́mi ń de ìjánu tuntun lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n kó wọn dé. Pálọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń ké ṣíoṣío láàárín àga díákónì. Favour ń wẹ̀, èmi ń fọ abọ́, kò sẹ́ni tó pariwo. Ebenezer kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di àná. Àná ló wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní òórùn adìyẹ kò jẹ́ kí òun lè jókòó lókè mọ́, ṣé òun lè wá sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Mo ní kó wọlé. Ilé bàbá òun náà ni.