Ohùn Tó Bọ́ Lẹ́nu Nàńdínì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ àlá tí Nàńdínì lá fún un yín. Kì í ṣe òru ló lá a o. Ọ̀sán gangan ni, lórí àtẹ̀gùn òkúta létí odò Gáńgà ní ilẹ̀ Íńdíà, láyé ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ kò tíì máa kọ ọ̀rọ̀ mímọ́ sílẹ̀, tó jẹ́ pé orí ènìyàn nìkan ni àpótí tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí.

Nàńdínì jẹ́ ọmọ Sómádátà, ọkùnrin tó ń kọ orin ìsìnkú fún gbogbo ìlú. Orin ọ̀hún gùn. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń yọ, oòrùn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí kó tó parí. Sómádátà kò bí ọkùnrin, nítorí náà Nàńdínì ló kọ́ ní orin náà, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Nígbà tó yá, àrùn rọpá-rọsẹ̀ dá bàbá dùbúlẹ̀. Ọwọ́ kò gbé mọ́, ahọ́n kò yí mọ́, ojú àti ẹnu tó fi ń gbé oúnjẹ mì nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Ni àwọn àgbà ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kéṣáfà tó jẹ́ olórí wọn ní ẹnu obìnrin kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó ní kí orin náà máa bọ̀ nílé òun, níbi tí ọkùnrin mẹ́rin wà, nígbà tó jẹ́ pé òun náà ti gbọ́ ọ nídìí òkú tí kò níye.

Nàńdínì ní kí wọ́n dá ọjọ́. Wọ́n dá a. Yóò kọ orin náà níwájú gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn.

Ó ku ọ̀la ni ohùn kan bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló sọnù. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọkọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè tiwọn láyé ìgbà yẹn: ó ní ohùn òkè, ó ní ti ìsàlẹ̀, ó sì ní èyí tó wà láàárín. Ọ̀rọ̀ tó parí orin náà gan-an ló dà á rú. Bí a bá gbé e sókè, ohun tó ń wí ni pé olóògbé ti jàjàbọ́, ó ti wọnú ohun tó tóbi ju ayé lọ, kò ní padà wá mọ́. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń wí pé olóògbé yóò tún ayé wá nínú ara mìíràn.

Nàńdínì gbìyànjú títí. Láàárọ̀, òkè ló dà bíi pé ó tọ́. Nígbà tó ń fọ ìrẹsì, ìsàlẹ̀ ló dùn létí rẹ̀. Kò lè wo bàbá rẹ̀ lójú kó bi í, nítorí nínú ìlànà wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í padà wá tọrọ ohun tí wọ́n ti fún un. Ká sì sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà á láti mú irú ìbéèrè yẹn tọ ẹni tó ń kú lọ.

"Ohun tó bá sọnù wà níbì kan," ló wí fún ara rẹ̀. "Màá wá a kàn."

Ó gbé ìkòkò, ó lọ sódò, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà lókè, ó ń pè é nísàlẹ̀, títí oorun fi gbé e lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé ìkòkò omi rẹ̀ wúkọ́.

"Nàńdínì," ìkòkò ní, "ohùn tó ò ń wá wà ní ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Ọ́fíìsì Ohun Tó Bọ́ Lẹ́nu. Yára o, wọn kì í pẹ́ tilẹ̀kùn."

Nàńdínì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ìkòkò náà ti bá wọn gbé ọjọ́ pẹ́, ó sì yẹ kó ti mọ nǹkan. Nàńdínì wo iwájú, ó sì rí ọ́fíìsì náà lóòótọ́: ilé pẹrẹsẹ kan tó léfòó sórí odò, lórí ewé òṣíbàtà kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó pápá. Ewé náà ń yí po jẹ́jẹ́, tí ìlẹ̀kùn fi ń lọ tó tún ń bọ̀. Ọ̀nì kan dúró létí omi, ó wọ òdòdó sọ́rùn.

"Ṣé ọ̀hún lò ń lọ?" ọ̀nì bi í.

"Ọ̀hún ni, ẹ jọ̀ọ́."

"Gùn mí. Má wulẹ̀ máa wo ẹnu mi. Mi ò jẹ ẹran mọ́, mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé mi ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí kankan lára."

"Ó mà dáa o. Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí," ọ̀nì dáhùn. "Ó le díẹ̀."

Nàńdínì bá a kẹ́dùn, ó sì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, odò di ẹní, ọ̀nì di àpótí ìjókòó, Nàńdínì sì rí i pé iwájú akọ̀wé kan lòun jókòó sí. Akọ̀wé ọ̀hún ta aṣọ funfun sí èjìká, ó fi òróró pa irunmú rẹ̀ tó fi ń dán.

"Kí ló sọnù?"

"Ohùn kan ni, ọ̀gá."

"Tòkè ni, tàárín ni, àbí tìsàlẹ̀?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gá, ṣé ẹ̀ bá rí mi níbí?"

Akọ̀wé ronú sí i. "Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. Ẹni tó ń bójú tó irú èyí kú lánàá, ó sì ti tún ayé wá. Wò ó lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn."

Nàńdínì wo ẹ̀yìn. Màlúù funfun kan ló dúró nídìí tábìlì, ewé tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ga níwájú rẹ̀ tó òkìtì.

"Ẹ kú iṣẹ́," Nàńdínì kí màlúù.

"Iṣẹ́ kúkú ni," màlúù dáhùn. "Mo rò pé bí mo bá ti kú, n ó sinmi. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ènìyàn ò bá ṣe parí á tẹ̀ lé e dé ayé kejì. Èmi rò pé òwe ni. Wò ó lórí tábìlì bó ṣe tẹ̀ lé mi. N kò sì wá lọ́wọ́ mọ́."

Nàńdínì ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá a to ewé náà. Ó tò ó fún ọdún mẹ́ta, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò dá a lójú. Nígbà tó tò ó tán, màlúù mí kanlẹ̀, ó fi ìwo tọ́ka sí yàrá kan.

"Ọ̀gá àgbà ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó ohùn sí. Ìpàdé ni wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó rí òpin ìpàdé yẹn rí."

"Èmi á rí i," Nàńdínì wí.

Àwọn ìjòyè méje ló jókòó yíká nínú yàrá náà. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé, bí ènìyàn bá gba ara tuntun, ṣé òun náà nìyẹn àbí ẹlòmíràn ni.

"Ẹ jẹ́ ká fi ojú ara wa wò ó," ọ̀gá àgbà wí. "Bí ìjòyè kan bá di ewúrẹ́, ṣé a ó ṣì máa kí i ní..."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, etí rẹ̀ gùn, ìwo hù, ó di ewúrẹ́. Kò dúró. "...ní ọ̀gá?" ló fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ fẹ́ dá a lóhùn, òun náà di ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dì í lọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kan oníkálukú, títí méjèèje fi jókòó lórí àga pẹ̀lú pátákò.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," Nàńdínì wí, "ẹ ti di ewúrẹ́."

"A ti kíyè sí i. A ó fi sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé."

"Àkọsílẹ̀ dà?"

Ewúrẹ́ kejì gbé nǹkan mì. "Mo ti jẹ ẹ́."

"Mo wá gba ohùn mi ni," Nàńdínì sọ fún wọn. "Ọ̀la ni mo máa kọ orin."

"Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ọ̀gá àgbà wí.

"Mi ò ní padà wá," Nàńdínì dáhùn, ó sì jókòó sílẹ̀.

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì náà dáwọ́ yíyí dúró. Àwọn ewúrẹ́ wo ara wọn. Ọ̀gá àgbà gbọn irùngbọ̀n rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì jábọ́ láti inú rẹ̀.

Nàńdínì fi ṣí ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn wọn. Kì í ṣe yàrá ló bá nínú ibẹ̀, erin ni. Obìnrin mẹ́ta ló wà lára erin náà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sórí àtàrí rẹ̀, èyí tó sanra jókòó sábẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ̀kẹta nà gbalaja sẹ́yìn rẹ̀. Nàńdínì mọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n.

"Èmi ò sí nínú ìjà yìí," ohùn àárín wí, ó sì ń sun oorun rẹ̀ lọ.

Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, èmi lò ń wá. Gbà." Ó fa ọmọ ọwọ́ kan yọ láti abẹ́ aṣọ, ó gbé e fún un.

Bàbá rẹ̀ ni. Sómádátà fúnra rẹ̀ ni, kò ju igbá omi lọ, pẹ̀lú irunmú rẹ̀ àti irun àyà tó ti funfun. Nàńdínì gbé e sí ìbàdí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ nílẹ̀ wọn. Ó wúwo, ó sì ń rùn bí òróró tí wọ́n fi ń pa á lára lórí àìsàn.

"Bó o bá mú mi, yóò padà wá," ohùn ìsàlẹ̀ wí. "Ìwọ gan-an lo máa tọ́ ọ. Wàá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ."

Nàńdínì gbójú sókè wo ohùn òkè. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ní fún mi?"

"Mi ò ní nǹkan kan," ohùn òkè dáhùn.

Ibẹ̀ ni ó ti yé Nàńdínì. Ohùn náà kò sọnù rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sọnù. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ṣubú ló ti ń wá ọ̀nà tí òun fi lè rẹ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ọmọ orí ìbàdí rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà já gaara, ó sì le bí ó ṣe máa ń le nígbà tí Nàńdínì wà lọ́mọdé tó bá ṣì í. "Kí lo dúró ń wò? Kọ ọ́ láti ẹ̀yìn!"

Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń kọ́ orin nílé wọn nìyẹn. Wọn á kọ ọ́ láti iwájú, wọn á kọ ọ́ ní méjì-méjì, wọn á tún kọ ọ́ láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa rí àyè sá lọ. Bí a bá sì ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde, kí ọkàn tó mọ ohun tí ẹnu ń ṣe.

"Bàbá, bí mo bá kọ ọ́..."

"Mo mọ̀," Sómádátà wí. "Kọ ọ́."

Nàńdínì dì í mú dáadáa, ó la ẹnu. Ohùn òkè ló jáde. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ni ọmọ náà ń fúyẹ́ sí i. Omijé ń bọ́ lójú Nàńdínì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó fi máa dé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin, kò sí nǹkan kan ní ìbàdí rẹ̀ mọ́ àyàfi òórùn òróró. Erin kúnlẹ̀. Omi rọ́ wọ ọ́fíìsì. Àwọn ewúrẹ́ tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, ọ̀kan sì ń béèrè bóyá ìpàdé ti parí. Màlúù ní rárá o.

"Nàńdínì!"

Ó lajú. Kéṣáfà ló dúró lé e lórí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ lódò tán, omi ń ro lára aṣọ rẹ̀.

"Ọ̀la ni ọjọ́ rẹ, o wá ń sùn bí ẹni tí kò níṣẹ́ kan."

Nàńdínì fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ìbàdí rẹ̀ tó gbé lé etí òkúta ti kú tipiri títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ìbàdí ẹni tó gbé ọmọ rìn láti ìlú kan dé òmíràn. Kéṣáfà na ọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Yóò jí fúnra rẹ̀."

Ó ń tẹ itan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló gbójú sókè wo ọkùnrin náà, ó sì pe ọ̀rọ̀ tó parí orin náà sí i létí. Ó gbé e sókè dáadáa.

Kéṣáfà ká etí aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fún omi aṣọ rẹ̀ dànù.

"Nígbà tí ìyàwó mi kú," ló wí nígbẹ̀yìn, "mo bẹ bàbá rẹ pé kó bá mi rẹ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó kọ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bínú sí i."

"Èmi náà fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀," Nàńdínì wí. "Kì í ṣe bí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn."

Ní ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́. Oòrùn yọ bá a lẹ́nu rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí kó tó dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ó gbé e sókè, ó dákẹ́. Gbogbo àgbà yíjú sí Kéṣáfà. Kéṣáfà dìde, ó wí sókè, kí ẹni gbogbo lè gbọ́, pé, "Kò ṣì í. Kí orin wà níbi tó wà."

Nàńdínì sáré relé. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn bàbá rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó sọ ohun tí Kéṣáfà wí, ó tún pe ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe pè é níwájú wọn. Ojú Sómádátà kò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Nàńdínì tẹ etí mọ́ ọn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ló fẹ́ sọ.

Ebi ló ń pa á. Nàńdínì bu omi ìrẹsì fún un, ó fẹ́ ẹ kó má bàa gbóná jù. Bàbá gbé e mì, ó sì tún la ẹnu.