Fírísà Ọkọ Rẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi èyí sínú fírísà tiyín títí iná yóò fi dé."

Opó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbá kúlà kékeré kan mọ́ àyà. Aya Fírísà ni wọ́n ń pè é ní yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, torí pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò jìnnà sí fírísà tí ọkùnrin náà lò. Èròjà tí ọkọ yìí fi ọdún gbọọrọ yọ lára eṣinṣin, ẹja, ènìyàn àti kànìnkànìn, ẹ̀dá inú òkun kan, ló kó láti inú fírísà náà sínú kúlà: èròjà bí abẹ, tó máa ń gé inú sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó títí yóò fi kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdílé kan ni gbogbo wọn, ojú abẹ wọn sì jọra. Ti kànìnkànìn, tó pẹ́ jù láyé nínú wọn, nìkan ni ọkọ kò tíì ya àwòrán rẹ̀ tí ikú fi dé. Ìyàwó fẹ́ parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ yàrá ìwádìí kò sì ní epo. Bí ooru bá mú àwọn abẹ náà, ara wọn ni wọn yóò máa gé.

Jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá ń ké tantan lẹ́yìnkùlé. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti yàrá ìwádìí ni. Awakọ̀ ọ̀gá, tó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Nǹkan tí wọ́n yọ lára òkú? Nínú ẹran mi?" Ìyàwó ọ̀gá pòṣé. "Ẹ má rí mi fín o."

"Ẹ fún un lómi tútù," ni ọ̀gá wí, kò gbójú kúrò lára fóònù.

Omi dé, yìnyín léfòó nínú rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ obìnrin náà gan-an, síbẹ̀ yìnyín ló mú, ó kó o sínú kúlà. Kó tó padà dé ẹnu iṣẹ́, ó ti yọ́. Nígbà tó yẹ èròjà ọkọ rẹ̀ wò, wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pe ìpàdé. "Obìnrin yìí ò ti ilẹ̀kùn fírísà dáadáa. Àìbìkítà gbáà!"

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ ibi tí epo ń gbà lọ. Ẹnì kan ń wúkọ́, ẹlòmíì ń wo èékánná.

"Ọ̀gá, epo yàrá yìí—" ni opó náà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kó ẹrù yín," ni ọ̀gá fi já a lẹ́nu.

Ó ń gbé báàgì rẹ̀ jáde nígbà tó bá awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Fírísà ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn mọ́tò náà.

"Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, mà."

"Ṣé ó bàjẹ́ lóòótọ́?"

"Rárá o, mà. Ẹran ìyàwó ọ̀gá ni ò gba inú fírísà ilé wọn mọ́." Ó mú àkísà àti ọṣẹ, ó ń nu orúkọ tí ọkọ opó náà kọ sára ilẹ̀kùn fírísà kúrò. "Ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n rí i pé ó mọ́ dáadáa."