Òkúta Inú Abọ́

Ìyá Ọlálérè ju òkúta sínú abọ́ tánganran, ó fi ìdérí dé e, ó sì fi àkísà dì í pinpin bí ẹni ń di ewúrẹ́ olè. Láti ojú fèrèsé ló ti rí Olúfọlákẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó kó jáde nílé, tó ń bọ̀ lójú títì Ìsọlọ̀ bó ṣe máa ń wá ní gbogbo Sátidé.

"Àìná, gbé abọ́ yìí fún Ìyá Adébímpé. Sọ pé èmi ni mo ní kí o gbé e wá."

Àìná, ọmọ ọdún mẹ́rin, gba abọ́. Kò tètè lọ. Ó wo ojú ìyá bàbá rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó tún wo ojú náà.

"Kí lò ń wò? Ṣé ìwo ló hù lórí mi ni?"

"Rárá, Màámá."

Ó gba ilé ìdáná jáde.

Àdéhùn àgbà méjì ni. Bí Ìyá Adébímpé, ará Ìjerò tó ń ránṣọ nílé kejì, bá tú abọ́ tó bá òkúta nínú rẹ̀, ó mọ̀ pé kí òun mú ọmọ jókòó títí wọn yóò fi wá mú un. Ní Ìwó, ìlú Ìyá Ọlálérè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ráyè lọ sóko. Ìyá Ọlálérè náà gbé irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ká sòótọ́, ó ti lọ́kọ kó tó yé e. Ṣùgbọ́n ní Ìwó, ìyá ni wọ́n fi ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Wọn kì í fi gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá.

Inú ń bí i. Inú ń bí i sí Ọlálérè tó gba owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tó fi ra alùpùpù, tó sì fi alùpùpù gbé ìyàwó kékeré wọlé. Nígbà tí Olúfọlákẹ́ bínú kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Òṣòdì, Ọlálérè ní kò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ àfi tó bá wá tọrọ àforíjì. Ó sọ ọ́ tán, ó ń gun alùpùpù jáde ní gbogbo Sátidé, ó ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láti gbá. Inú tún ń bí i sí Olúfọlákẹ́, tí kò lè fara da orogún kan ṣoṣo nígbà tí òun fara da mẹ́ta.

Ti Àìná nìkan ni kò dà á láàmú. Kí lọmọ yẹn mọ̀? Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe bojúbojú, tí Àìná ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí, tó fi ìdí sílẹ̀ gbalaja, tó ń pariwo pé, "Màámá, ẹ ò rí mi!" Ó gbà pé bí òun ò bá ti rí èèyàn, èèyàn ò rí òun. Ìyá Ọlálérè rẹ́rìn-ín títí tó fi tọ̀ sára.

Olúfọlákẹ́ wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Màámi. Àìná ńkọ́?"

"Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí Ìwó."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ó lọ síbi ìkómọ."

"Ṣé ò ń pè mí ní òpùrọ́ ni?"

Olúfọlákẹ́ fa aṣọ kékeré kan yọ nínú báàgì, ó fi ọwọ́ wọn gígùn rẹ̀. "Mi ò mọ̀ bóyá ó máa bá a mu. Mi ò mọ bó ṣe ga tó mọ́." Ó ká a padà, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Ọlálérè lára bí ata. Ó jókòó, ó dìde, ó ṣépè fún alùpùpù. Lẹ́yìn náà ló lọ mú ọmọ.

Ìyá Adébímpé ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Àìná? Ó ti lọ tipẹ́. Ẹ ṣeun gààrí o."

"Gààrí wo?"

"Èyí tó wà nínú abọ́. Mi ò rí òkúta, mo bá ní kó máa lọ."

"Ìgbà wo ni mo fún ẹ ní gààrí rí?"

"Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ẹ ti di ẹni ìgbàlà ni."

Ìyá Ọlálérè fẹ́ bú u, àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sórí àpótí tí Àìná máa ń jókòó sí lábẹ́ fèrèsé. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀ tó ojú ọmọdé. Ibùdókọ̀ hàn gedegbe. Gbogbo Sátidé tí wọ́n fi ọmọ yìí pa mọ́, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ó sáré. Àgbà kì í sáré lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Lọ́jọ́ yẹn, méjèèjì ni. Ọmú ń gba ọ̀tún, ìdí ń gba òsì, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú.

"Màámá, ẹ rọra, bọ́ọ̀sì ò tíì kún," ni kọ̀ǹdọ́ kan ń wí.

Àìná wà lórí itan ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ oníbọ́ọ̀lì, aṣọ tuntun lórí ti àná, ọwọ́ ọ̀tún dì gírígírí.

"Ta ló ní kí o wá síbí?" Ìyá Ọlálérè na ọwọ́ sókè láti gbá a létí.

Olúfọlákẹ́ gbé ọmọ sọ́wọ́, ó dìde. Kò kúnlẹ̀ mọ́. "Màámi, ẹ ní ó wà ní Ìwó." Ó yíjú sí ọmọ. "Àìná, ṣé o lọ sí Ìwó ni?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà wo ojú ìyá àgbà, ó wo ọwọ́ tó ṣì wà lókè, ó tún padà sí ojú náà. Díẹ̀díẹ̀, ó yí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn èjìká ìyá rẹ̀, níbi tí Olúfọlákẹ́ kò ti lè rí i.

"A ti dé," ló wí.

Ọwọ́ Ìyá Ọlálérè wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ki orí bọ abẹ́ ìrọ̀rí kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí mọ ohun tí Ìyá Adébímpé yóò rí, ó mọ ohun tí kò ní rí. Ó sì ti bo òun láṣìírí. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Inú ṣì ń bí i, àmọ́ ìbínú náà ti mọ̀nà ilé: òun fúnra rẹ̀ ló padà wá bá.

"Òṣòdì, Òṣòdì, wọlé ká lọ!"

Olúfọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ sílẹ̀.

"Jẹ́ kó jẹ bọ́ọ̀lì rẹ̀ tán," ni Ìyá Ọlálérè wí. Ó jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì. "Bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀. Bí Ọlálérè bá dé, kó wá bá mi níbí."

Olúfọlákẹ́ rọra jókòó padà. Láti ẹ̀yìn Olúfọlákẹ́, ọwọ́ kékeré kan wá ọwọ́ ìyá àgbà kàn, ó sì fi òkúta náà sí i. Ó gbóná.